Òwú funfun ti bo igi iwájú ilé mi látòkèdélẹ̀: ṣé kí n fín oògùn sí i?

Ìyá Bísí, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lónìí, ẹ má bínú bó bá gùn.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló rọ̀ ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé, igi oak ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ti wọ aṣọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìdí títí dé ibi tí ọwọ́ mi ò tó, ohun funfun kan tó ń dán lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ típẹ́típẹ́, bíi lailọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé ẹran nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gba ara ẹ̀ka lọ sókè, ó sì wé àwọn ewé kan mọ́ra.

Màmá mi tó wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn wò ó títí, wọ́n ní nílé, igi tí wọ́n bá ró láṣọ funfun, èèyàn kì í dédé lọ dúró nídìí rẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ẹni tó ń gé koríko wa ní òun mọ àwọn kan tó ń fín oògùn, dọ́là 350 ni wọ́n máa gbà, pé tí mi ò bá tètè ṣe é, igi á kú kí oṣù tó parí.

Kí ni nǹkan yìí? Ṣé igi máa kú lóòótọ́? Abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Ṣẹ́gun Ọmọ Ìjẹ̀bú

Aláǹtakùn ni. Ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Dọ́là 350 kẹ̀? Ẹ fún mi ní 100, màá wa mọ́tò wá láti Dallas.

Dúpẹ́, Atlanta

Ìyá Bísí, ẹ fín in kíá. Ohun tó bá ti bo igi mọ́lẹ̀ báyìí, ṣé oore ló fẹ́ ṣe é ni? Igi tó bá wó lu ilé, owó ẹ̀ ju 350 lọ.

Bàbá Kọ́lá, Pensacola

Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó o.

Ó ti lé lọ́dún 20 tí mo ti ń gbé ní etí òkun Florida níbí, mo sì ti rí nǹkan yìí lára igi mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìyá Bísí, ẹ lọ bá mi wo nǹkan díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé òwú yẹn lẹ̀ mọ́ ara igi ni, àbí ó rọ̀ bí àpò sí ṣóńṣó ẹ̀ka? Lẹ́yìn náà, ẹ ya ibi tó wé ewé sí, kí ẹ wo ewé inú rẹ̀. Ṣé odindi ni, àbí wọ́n ti jẹ ẹ́ ku iṣan nìkan? Ẹ wò ó bóyá ìgbẹ́ kòkòrò dúdú wóróworó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ rí tó ń rìn.

Ẹ má bẹ̀rù, kì í jẹ èèyàn.

Ìyá Bísí, Houston

Bàbá Kọ́lá, ẹ ṣeun. Mo ti lọ wò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìfọbọ́ lọ́wọ́.

Ó lẹ̀ mọ́ ara igi ni. Kò rọ̀. Mo fi ìka fà á, ó ṣí bí ìgbà tí èèyàn bá ń bó awọ tín-ín-rín inú ẹyin bíbọ̀. Ewé inú rẹ̀ pé pérépéré, kò sí ihò kan. Kò sí ìgbẹ́ dúdú. Àwọn ohun tó ń rìn níbẹ̀ ò pọ̀ níbi tí mo kọ́kọ́ fà ya, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á sókè díẹ̀ sí i, háà! Wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n da ọkà bàbà sílẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní, àwọn kan funfun díẹ̀. Wọn ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aláṣọ lọ. Gbogbo wọn ya lọ sábẹ́ òwú tó kù bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ pé tísà ń bọ̀.

Màmá mi ní kí n dá a padà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a padà?

Bàbá Kọ́lá, Pensacola

Òun náà ni. Ẹ tọ́jú dọ́là 350 yín.

Kì í ṣe aláǹtakùn. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni, *Archipsocus nomas* ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ashley Gurney ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1939. Ẹnì kan tó mọ èdè Gíríìkì sọ fún mi pé ẹni tó ń kiri wá koríko fún ẹran ni *nomas*, ìyẹn darandaran. Orúkọ yẹn bá a mu, torí iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn: ó ń jẹko lórí èèpo igi. Àwọn ẹbí rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ olóoru. Apá gúúsù Amẹ́ríkà, ní etí òkun láti Texas àti Louisiana títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Florida, ló ti ń ṣe irú èyí tí ẹ rí yìí.

Kí ló ń jẹ? Ẹ wo ara ògiri tó kọjú sí ibi tí oòrùn kì í dé lásìkò òjò, ẹ ó rí ohun àwọ̀ ewé tó ń yọ̀. Ẹ wo búrẹ́dì tó ti bu. Irú nǹkan wọ̀nyẹn tó hù sára èèpo igi, àti eruku, àti ewé òun èèpo tó ti kú, ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í jẹ ewé tútù, kì í lu èèpo, kì í fa oje. Ewé yín tó pé pérépéré yẹn ni ẹ̀rí.

Tó bá jẹ́ pé àpò ló rọ̀ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, tí wọ́n ti jẹ ewé inú ẹ̀ tán, kòkòrò ajẹwé tó ń di àfòpiná nìyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Tí ewé bá sì ń pọ́n tótòtó bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tí òwú ibẹ̀ kéré gan-an, àwọn kòkòrò pupa wínníwínní tó ń fa oje ni. Ìyẹn náà yàtọ̀.

Òwú yìí, òrùlé ni. Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ ọmọ jọ ń gbé, tí wọ́n sì ti ń jẹko. Èèrà ò ráyè wọlé bó ṣe wù ú, òjò ò gbá wọn lọ, atẹ́gùn ò gbẹ wọ́n.

Dúpẹ́, Atlanta

Bàbá Kọ́lá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a bò mọ́lẹ̀ báyìí, ṣé igi á lè mí?

Bàbá Kọ́lá, Pensacola

Dúpẹ́ mi, ewé ni igi fi ń mí jù, òwú yẹn ò sì bo ewé tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ aláràn-án kọ́, sẹ́fẹ́ ni.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Mo ń kà á láti oko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, ẹ fojú fo àṣìkọ mi.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nílé tó ń ka ìmọ̀ràn yìí. Ohun funfun lórí igi kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Lórí kòkó tiwa, ohun funfun tó dà bí ẹlùbọ́, tó kó jọ sídìí ewé àti lára póòdù, òwú kọ́ nìyẹn. Kòkòrò tó ń fa oje ni, òun ló sì ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú láti igi dé igi. Bàbá mi gé igi tó pọ̀ torí rẹ̀. Ẹ má gbé "ẹ fi í sílẹ̀" ti Houston wá sí oko kòkó.

Bí èmi ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí: mo máa ń fi àtàǹpàkò pa á lójú ewé. Tó bá di omi lọ́wọ́ mi bí ẹyin tó fọ́, afajẹ̀ igi ni. Tó bá kàn fà bí okùn, tí kò sí ohun tó tú jáde, òwú ni. Ẹ tún wo àwọn èèrà. Èèrà máa ń tẹ̀ lé àwọn afoje yẹn bí ẹni tẹ̀ lé elékọ, torí ohun dídùn tí wọ́n ń tọ̀ sílẹ̀.

Irú òwú ti Ìyá Bísí yẹn, a máa ń rí kékeré rẹ̀ lẹ́yìn ewé ọsàn àti ewé obì. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ṣé ó lórúkọ ni?

Tísà Àgbà, Ìbàdàn

Àgbẹ̀ Ìdànrè, ẹ kú àmọ̀ràn. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yẹn. Èmi ò gbọ́ orúkọ Yorùbá rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìyá mi àgbà mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń rákò. Ní kíláàsì mi, "alárán-ẹnu" la ń pè é, torí ẹnu ló fi ń rán òwú. Àwa la fún un lórúkọ yẹn fúnra wa, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Bàyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́. Igi mángòrò kan wà lẹ́yìn sitáfùrúùmù wa. Mo ra awò kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ fóònù, mo sì ti lo oṣù méjì báyìí tí mò ń wo ẹ̀yìn ewé rẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè mí ní Bàbá Ewé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lórí ewé kan ṣoṣo. Ewé tó ti dàgbà ni, ìsàlẹ̀ igi, níbi tí oòrùn kì í ti tà á tààrà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí iṣan àárín ewé ti ga díẹ̀, òwú kan wà tí wọ́n ta láti orí iṣan náà sí ojú ewé, bí tápólì tí aláta fi ṣe ìbòji sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tí ẹ ò bá yí ewé sí oòrùn, ẹ ò lè rí i. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá kan wà, kò ju mílímítà 2 lọ, àti ọmọ mẹ́jọ tó funfun bí hóró gàrí. Orí wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Iwájú orí ẹ̀ wú síta bí ẹni tí oyin ta níwájú. Iṣan tó fi ń mi oúnjẹ mì ló kún ibẹ̀. Ìwo rẹ̀ méjèèjì gùn, wọ́n tín-ín-rín bí irun, wọn ò sì yé mì.

Mo mí sí i lára. Àwọn ọmọ ò sáré síwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni wọ́n sá sí, bí alákàn. Nígbà tó yá, ìyá padà sí ibi tí mo ti ya òwú rẹ̀. Ó fi ẹnu kan ojú ewé, ó gbé orí, ó fi kan iṣan, ó tún sọ orí kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kun ògiri. Mi ò rí òwú tó ń jáde, ó tín-ín-rín ju ohun tí awò mi lè gbé lọ, ṣùgbọ́n kí agogo ìsinmi tó lù, ihò ti dí.

Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí aláǹtakùn. Ìdí ni aláǹtakùn ti ń fa òwú jáde. Ètè ìsàlẹ̀ ni tèyí ti ń jáde, bíi ti kòkòrò sányán. Ó ní ọ̀nà itọ́ méjì lẹ́nu: ọ̀kan fún itọ́ gidi, èkejì fún òwú.

Oúnjẹ jíjẹ rẹ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Ó ní ọ̀pá líle méjì lẹ́nu tó rí bíi ṣísẹ́ẹ̀lì káfíńtà. Á fi ti ewé, kí orí rẹ̀ má baà yẹ̀, eyín rẹ̀ á wá máa ha ohun tó hù sójú ewé. Ẹ rántí bí a ṣe ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò àsun, ẹsẹ̀ kan á ti ìkòkò, ọwọ́ á máa ha.

Ìyá Bísí, Houston

Tísà, mo ti ka èyí sókè fún màmá mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹ ṣe é bí ẹni tó jókòó sórí ewé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú. Mo wo orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, iná ni wọ́n pè é! Iná èèpo igi. Ṣé kì í ṣe irú tó ń wọ orí ọmọ? Lọ́dún tó kọjá, Bísí kó iná orí wálé láti ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ya irun. Mi ò lè padà síbẹ̀.

Ṣẹ́gun Ọmọ Ìjẹ̀bú

Iná lórí, iná lára igi, iná mànàmáná ò sì sí. Ayé Nàìjíríà.

Tísà Àgbà, Ìbàdàn

Ṣẹ́gun, jókòó.

Ìyá Bísí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò lè wọ orí ọmọ, kò ní ohun tó lè fi mu ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ṣe ohunkóhun lára ajá tàbí adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ní iná ò parọ́ pátápátá. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé inú ìdílé àwọn ajẹko-lórí-èèpo yìí ni iná orí àti iná adìyẹ ti ya jáde láyé àtijọ́. Ìyẹn ni pé iná orí ni ọmọ tó yà kúrò nílé, tó lọ kọ́ ìwàkiwà, tó fi koríko sílẹ̀ di amẹ̀jẹ̀. Àwọn tó kù nílé ṣì ń ha èbu.

Ẹ ti bá ọ̀kan nínú ẹbí yìí pàdé láìmọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí Bíbélì àtijọ́ tàbí ìwé orin tó ti pẹ́ nínú àpótí, kòkòrò funfun kan tó kéré bí àmì ìdánudúró á sá kọjá lórí ojú ewé. Òun náà nìyẹn. Ó máa ń wà nínú ìyẹ̀fun àti ìrẹsì tó rin díẹ̀. Kì í mu omi bí àwa ṣe ń mu ún. Ẹnu ló fi ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tí ọ̀rinrin yẹn bá ti ju nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 lọ. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, ó tán fún un. Torí náà, ẹ má fín oògùn sí ìwé, ẹ sá a.

Fọlákẹ́ Salvador

Ẹ kú ìjíròrò. Bahia ni mo wà, iṣẹ́ olùkọ́ èdè ló gbé mi débí. Mo fẹ́ fi kún un pé ní Brazil níbí, nínú àwọn ihò àpáta, ìbátan wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní *Neotrogla*. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2014, ọ̀gbẹ́ni Yoshizawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, abo ló ní nǹkan ọkùnrin, akọ ló ní ihò. Abo á di akọ mú, wákàtí 40 sí 70 ni wọ́n fi ń ṣe é láì tú ara wọn sílẹ̀. Mo ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Ṣẹ́gun Ọmọ Ìjẹ̀bú

Wákàtí 70!!! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí ojú ìwé yìí.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ń ka ibí yìí. Ọ̀rọ̀ igi Ìyá Bísí la wà lórí rẹ̀.

Yínká Ọmọ Oyè

Tísà, ẹ ò sọ ti ẹyin. Ṣé ìyẹn náà wà lábẹ́ òwú?

Tísà Àgbà, Ìbàdàn

Ó wà. Lórí ewé mángòrò mi, mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo máa ń rí lójú kan, ìyá á ta òwú kọjá lórí wọn bí ẹni so ẹrù mọ́ orí mọ́tò. Ọmọ tó bá pa jọ ìyá rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ ni kò ní. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bọ́ awọ kí wọ́n tó dàgbà. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú ìdílé *Archipsocus* tí kì í yé ẹyin, ọmọ ààyè ni wọ́n ń bí.

Ìyẹ́ wọn náà jẹ́ ìtàn. Nínú irú tó wà lára igi Ìyá Bísí, akọ ò ní ìyẹ́ tó lè fi fò. Lára abo, àwọn kan ní ìyẹ́ kúkúrú, àwọn kan ní gígùn. Àwọn onígígùn ló lè ṣí lọ dá àgọ́ sí igi mìíràn, àwọn yòókù ń tọ́jú ilé. Edward Mockford tó fara balẹ̀ wò wọ́n ní Florida kọ nípa ìgbésí ayé wọn ní 1957.

Ọkùnrin yẹn kan náà ló tún wà lẹ́yìn ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyin tí a ní wọ́n fi òwú bò yẹn, ó ní ọ̀tá: àwọn agbọ́n tó kéré débi pé inú ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dàgbà. Ní 1997, Mockford ṣàpèjúwe ọ̀kan tó jáde láti inú ẹyin ìbátan alárán-ẹnu kan ní Illinois. Akọ rẹ̀ ò lójú, kò ní ìyẹ́, gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.139. Ẹ gé mílímítà kan sí méje, kò tó ẹyọ kan nínú rẹ̀. Kò sí kòkòrò tó ti dàgbà tí a mọ̀ láyé yìí tó kéré tó o. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọ kan bi mí pé ta ló wá ń pa agbọ́n yẹn jẹ. Mo ní kó lọ kọ àlàyé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.

Ó tún kù díẹ̀ nípa mángòrò. Ní 1974, Turner àti Broadhead gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kòkòrò yìí lára igi mángòrò ní Jàmáíkà, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ títí dé orí òkè. Ohun tí wọ́n ń tọpa ni bí oríṣìíríṣìí ohun tó hù sójú ewé ṣe bá oríṣìíríṣìí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ rìn. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti lè fi ojú lásán wo ewé mángòrò mọ́. Pápá ìjẹko ni ewé kọ̀ọ̀kan.

Dúpẹ́, Atlanta

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìdí tí mo fi pariwo "ẹ fín in" ni pé èmi fín tèmi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ìgbà tí mò ń gbé ní Louisiana ni, igi méjì. Ilé iṣẹ́ kan wá, wọ́n wọ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ lọ sí òṣùpá, wọ́n fín igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo san owó méjì. Òwú ò lọ! Kòkòrò kú sábẹ́ rẹ̀, òwú dúró síbẹ̀ bó ṣe wà. Mo pè wọ́n padà, wọ́n ní iṣẹ́ òwú fífà kò sí nínú owó tí mo san. Èmi àti ọkọ mi la tún fi ìgbálẹ̀ gbá a. Àwọn kòkòrò pupa onítótòtó dúdú tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn náà kún ilẹ̀ lábẹ́ igi, gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìgbálẹ̀ nìkan ni mo lò látìbẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ rí i.

Bàbá Kọ́lá, Pensacola

Dúpẹ́, ó ṣeun tó o sọ ọ́. Èyí wúlò ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ.

Ìyá Bísí, tí ojú ò bá gbà á, omi rọ́bà tó le díẹ̀ ti tó, tàbí ìgbálẹ̀ onígi gígùn. Ẹ má fi irin ha á, èèpo ni ẹ máa ṣe léṣe. Ẹ má dáná sun ún, mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, òjò àti atẹ́gùn á fà á ya bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Lọ́dún mìíràn ó lè padà, ó lè má padà. Lára igi tèmi, ó wá lọ́dún kan, ó sinmi lọ́dún méjì.

Ẹ sì fojú sílẹ̀. Tí ẹ bá rí àwọn mìíràn tó kó jọ bí agbo lára igi, eérú lára, ìlà yẹ́lò níkùn, tí wọn ò ta òwú kankan, ìbátan wọn ni, *Cerastipsocus*. Màlúù igi ni àwọn aládùúgbò mi ń pè é. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo agbo á jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ yín á gbádùn rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Bàbá Kọ́lá, màlúù igi yẹn dáa ju màlúù tó wọ oko ẹ̀gẹ́ mi lọ́sẹ̀ yìí lọ.

Ìyá Bísí, Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò fín nǹkan kan. Ẹni tó ń gé koríko bínú, ó ní òun ti bá àwọn ènìyàn yẹn sọ̀rọ̀. Òwú ti ń já. Apá ibi tí òjò ń fẹ́ sí ti ṣí sílẹ̀ tán, apá tó kọjú sílé ṣì kù bí aṣọ tó ti gbó. Igi ò kú. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Màmá mi ló ṣe ohun tí mi ò retí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n hun aṣọ nígbà èwe wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn nídìí igi tí wọ́n ní kéèyàn má dédé dúró nídìí rẹ̀, wọ́n ń fa òwú yẹn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i lórí itan bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú sányán láyé ọjọ́un. Wọ́n ní ti sányán, omi eérú ni wọ́n fi ń sè é kó tó rọ̀, pé bóyá èyí náà ń fẹ́ eérú. Mo bá wọn sè é nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi tí mo ti fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀.

Ó yòrò dànù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n da omi rẹ̀ sídìí igi, wọ́n ní, "Kò lè di aṣọ. Ẹ má bínú." Igi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àbí kòkòrò, mi ò bi wọ́n.